Bí Wọ́n Bá Dá Ọmọ Yín Lẹ́bi Òògùn Olóró, Ẹ Tètè Ka Ọjọ́

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú mi dé ìdí ọ̀rọ̀ òní. Màmá kan wá sí kíliníìkì wa, ẹ̀jẹ̀ wọn ti di 200/110. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ń lo òògùn wọn, ẹkún ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Ilé-ẹjọ́ ti rán ọmọ wọn lẹ́wọ̀n pé ó ta òògùn olóró, pé ó sì gbìmọ̀ pọ̀ pẹ̀lú àwọn mìíràn láti tà á. Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn?" Wọ́n ní àwọn ṣì ń gbàdúrà, pé ẹnì kan tó ní òun mọ adájọ́ sì ti gba owó lọ́wọ́ àwọn.

Àdúrà dára, ṣùgbọ́n ẹ ka ọjọ́. Láti ọjọ́ tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ bá ti dájọ́, 90 ọjọ́ péré ni òfin fún yín. Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe àánú. Bó bá kọjá, ẹ lè tọrọ àfikún àkókò, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ní ìdí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Wọn kì í tún ẹjọ́ ọ̀hún gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àkọsílẹ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní kóòtù àkọ́kọ́ ni àwọn adájọ́ máa yẹ̀ wò. Ẹ̀sùn méjèèjì sì dá dúró: òfin NDLEA fi ẹ̀wọ̀n gbére sí títa òògùn olóró, ó fi ọdún 15 sí 25 sí ìgbìmọ̀pọ̀. Ọ̀kan lè wó kí èkejì má wó. Kí lọ́yà yín tú wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan: kí ló fi hàn pé ó tà á? Kí ló fi hàn pé ó bá wọn pinnu, àbí inú ilé kan náà ni wọ́n kàn ti bá wọn?

Pípe ẹjọ́ kò sọ pé ọmọ ń bọ̀ nílé lọ́la. Bó bá ní ikọ́ fée tàbí ẹ̀jẹ̀ SS, ẹ mú káàdì ọsibítù rẹ̀ àti orúkọ òògùn rẹ̀ lọ fún àwọn elétò ìlera ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀yin náà, ẹ má fi òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín sílẹ̀. Ta ni yóò máa bẹ̀ ẹ́ wò bí ẹ bá dákú?

Owó tí ẹ fẹ́ fún ẹni tó ní òun mọ adájọ́, lọ́yà ni kí ẹ fi wá. Bí kò bá sí owó, ẹ lọ béèrè ní Legal Aid Council. Ẹ sì kọ ọjọ́ ìdájọ́ sára kàlẹ́ńdà yín lónìí. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.