Ohun Tí Ọmọ Alábà Rágò Ti Mọ̀ Kí Ó Tó Wọ Kíláàsì

Bí ènìyàn bá gba òpópónà Èkó sí Àgbádárìgì kọjá Volks, tí ó sì yà sí Alábà Rágò ní òwúrọ̀, etí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ríṣẹ́ ṣe. Hausa ni àwọn tó ń já àpò àlùbọ́sà kúrò nínú tírélà ń sọ. Yorùbá ni àwọn oníbàárà láti Ìbà àti Okokomaiko fi ń ná ọjà. Àwọn tó fẹsẹ̀ rìn wá láti ọjà ẹ̀rọ ní Alaba International ń fi Ìgbò dá ara wọn lóhùn. Ègùn náà wà níbẹ̀, torí Àgbádárìgì kò jìnnà. Tí ọ̀rọ̀ owó bá wá fẹ́ dìjà, pijin ni gbogbo wọn jọ ń bọ́ sí.

Ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí ẹ̀wà olóyin. Bí ìyá ti ń wọn ẹ̀wà sínú àpò mi ni ọmọ ń kà á ní Hausa: daya, biyu, uku. Ó gbójú sókè, ó ní, "Mà, ó ti pé mẹ́ta o. Màmá mi á fi èènì sí i fún yín." Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ń dúró de ṣéńjì lẹ́yìn mi, pijin ni ọmọ náà fi bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe sùúrù. Kò sí ẹni tó jókòó kọ́ ọ ní ìgbà tó yẹ kí ó pààrọ̀ èdè. Ojú ló fi mọ ẹni tó dúró níwájú rẹ̀, etí ló fi kọ́ ìyókù.

Irú ọmọ yìí kan náà ni ilé ìwé máa ń gbà wọlé bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Mo ti jókòó sẹ́yìn kíláàsì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè wa. Olùkọ́ kọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan sójú pátákó, ó kà á, àwọn ọmọ sì gbè é tìlù tìfọn. Nígbà tó nu ìyókù kúrò, tó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀ ní àárín pátákó, tó nawọ́ sí i pé kí wọ́n kà á, kíláàsì dákẹ́. Ohùn olùkọ́ ni wọ́n há sórí, wọn kò ka lẹ́tà kankan. Olùkọ́ náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọ̀nà tí wọ́n ní kó gbà ló há.

Ohun tí ìwádìí ti fi hàn nípa etí ọmọ jòjòló ń yà mí lẹ́nu títí di òní. Janet Werker ní Kánádà àti Patricia Kuhl ní Yunifásítì Washington fi yé wa pé ọmọ tuntun lè gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín ìró èdè tí kò tilẹ̀ jẹ́ ti ìyá rẹ̀. Kí ó tó pé ọdún kan, etí rẹ̀ á ti máa fara mọ́ èyí tí wọ́n ń sọ sí i, á sì máa jọ̀wọ́ ìyókù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ohùn: ní 2006, Karen Mattock àti Denis Burnham rí i pé ọmọ tó ń gbọ́ èdè Ṣáínà kò jẹ́ kí ìyàtọ̀ ohùn bọ́ mọ́ òun létí láàárín oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án, nígbà tí ó ti ń ṣá lára ọmọ tó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá Yorùbá tó ń ki ọmọ bó ti ń wẹ̀ ẹ́ ń fi dò, re, mí sí i létí lọ́jọ́ gbogbo. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni iṣẹ́ tí Kuhl gbé jáde ní 2003. Ọmọ Amẹ́ríkà olóṣù mẹ́sàn-án tí ẹni tó ń sọ èdè Ṣáínà bá ṣeré lójúkojú mú ìró èdè náà. Àwọn tí wọ́n gbé fídíò irú eré kan náà sí níwájú kò mú nǹkan kan. Mo fẹ́ kí gbogbo òbí tó ń gbé fóònù lé ọmọ lọ́wọ́ kó lè dákẹ́ gbọ́ èyí.

Ọmọ wa tún máa ń ṣe ohun kan tí àwọn onímọ̀ ìwé kíkà ń wá kiri lára ọmọdé. Wọ́n ní ọmọ tó bá lè gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ ní etí rẹ̀ ni ìwé kíkà máa ń tètè yé. Lọ sí ẹ̀yìnkùlé èyíkéyìí ní Okokomaiko ní ìrọ̀lẹ́, wàá bá àwọn ọmọ tó ń fi ẹ̀nà bo ọ̀rọ̀ mọ́ àgbà lójú. "Mo fẹ́ lọ" á di "mogo fẹ́gẹ́ lọgọ". Ẹni tó ń sọ ọ́ ti gé ọ̀rọ̀ sí sílébù, ó ti fi g sí àárín, ó tún fáwẹ́ẹ̀lì àti ohùn rẹ̀ pè lẹ́ẹ̀kan sí i, láìdúró mí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá kò fojú kéré rẹ̀, ó kọ iṣẹ́ ìwádìí lé e lórí. Kíláàsì ni kò tíì rí ìlò fún un.

Ẹ wá wo ti wàláà, pátákó ìkọ̀wé ilé kéú. Ní ilé kéú tó wà láàárín ìsọ̀ ní Alábà Rágò, ọmọkùnrin tí wọ́n kọ sí "kò lè kàwé" ní ilé ìwé á jókòó níwájú màlámù pẹ̀lú wàláà lórí orúnkún, ìka rẹ̀ á máa tẹ̀lé tàdáwà láti ọ̀tún sí òsì, á pe háráfì, á fi fáwẹ́ẹ̀lì lé e, á so wọ́n pọ̀. Ó ti mọ̀ pé àmì dúró fún ìró, àti pé ibì kan wà tí a ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tó le jù nínú ìwé kíkà nìyẹn, ó sì ti ní in kí ó tó rí A, B, D.

Yorùbá sì ni ìwé tó tẹ́jú fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà kan, ìró kan, àyàfi ìwọ̀nba bíi gb. Ẹni tó bá ti mọ ba, bẹ, bi á ka àgbàdo kí oṣù tó gorí oṣù. Hausa náà kò le. Gẹ̀ẹ́sì ló ń dààmú ọmọ àwọn tó ni ín pàápàá: ẹ wo though, through àti cough. Nígbà tí Philip Seymour àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwọn ọmọ ilẹ̀ Yúróòpù wéra ní 2003, àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà ni wọ́n pẹ́ jù, ó gbà wọ́n ju ìlọ́po méjì àsìkò tí ọ̀pọ̀ àwọn yòókù lò. Àwa wá mú èyí tó le jù, a fi ṣe àkàsọ̀ àkọ́kọ́ fún ọmọ tí kì í gbọ́ ọ nílé.

Kì í kúkú ṣe pé ẹnikẹ́ni kò dán ọ̀nà mìíràn wò rí. Ní January 1970, Àlíù Bàbátúndé Fáfúnwá, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní St. Stephen's "A", Modákẹ́kẹ́, pẹ̀lú owó láti ọ̀dọ̀ Ford Foundation. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ títí dé ọdún kẹfà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ló sì ń kọ́ wọn. Àwọn ọmọ kejì ń lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n wá bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe nígbà náà. Kò sí ìwé nílẹ̀, wọ́n jókòó kọ ìwé. Ní òpin rẹ̀, àwọn ọmọ Yorùbá ọlọ́dún mẹ́fà ṣe dáadáa ju àwọn kejì lọ nínú iṣẹ́ wọn, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan ní olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì àkànṣe yẹn ló fà á. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ náà, ẹ̀kọ́ ńlá ni: iṣẹ́ kan tí a kọ́ dáadáa sàn ju gbogbo iṣẹ́ tí a fi èdè tí kò yé ọmọ kọ́ lọ.

Alábà Rágò kì í ṣe Modákẹ́kẹ́, mo mọ̀. Èdè kan ni Modákẹ́kẹ́ ń sọ. Ibi tí àtakò pọ̀ sí nìyí: èdè ta ni a ó lò? Mo máa ń tọ́ka sí ohun tí onímọ̀ èdè Kay Williamson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ìpínlẹ̀ Rivers láti nǹkan bí 1970. Wọ́n tẹ ìwé ìbẹ̀rẹ̀ fún nǹkan bí 20 èdè àti ẹ̀ka èdè, òmíràn nínú wọn kò sì ní ju ìlú díẹ̀ tó ń sọ ọ́ lọ. Ní Ọ̀jọ́, ilẹ̀ Àwórì, Yorùbá ni èdè ìgboro, òun ni mo fẹ́ kí ọ̀pọ̀ kíláàsì fi bẹ̀rẹ̀. Níbi tí ọmọ Hausa bá ti kún kíláàsì, kí wọ́n fi Hausa bẹ̀rẹ̀; olùkọ́ tó gbọ́ ọ kò yẹ kó wọ́n lágbègbè yẹn.

Ní November 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní November 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, ó sì tọ́ka sí àwọn ọmọ tó ń kùnà nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí. Ọmọ tó wọ ọdún kìíní lẹ́yìn ìpinnu 2022 kò tíì jáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ká má tíì sọ pé ó jókòó ṣe WAEC. Àwọn tó ń kùnà lónìí, Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi bẹ̀rẹ̀.

LASU, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, wà ní Ọ̀jọ́. LASUED, Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó, tó di yunifásítì ní 2022, wà ní Ọ̀tọ̀ Ìjànìkín lójú ọ̀nà kan náà. Àwọn méjèèjì ló ń kọ́ olùkọ́. Wọ́n lè mú ilé ìwé ìjọba kan tó sún mọ́ Alábà Rágò, kí wọ́n ṣe níbẹ̀ ohun tí Ifẹ̀ ṣe ní Modákẹ́kẹ́, kí wọ́n sì fi ọdún mẹ́fà tọ̀ ọ́. Fọ́ọ̀mù ìgbàwọlé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ náà ni mo fẹ́ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ òbí, ọjọ́ orí àti àdírẹ́sì ni irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ sábà máa ń béèrè. Kí wọ́n fi ìlà méjì kún un: èdè wo ni ẹ ń bá ọmọ yìí sọ nílé, èdè wo ló sì fi ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré? Kí olùkọ́ sì ti ka ìdáhùn yẹn kí ó tó mú ẹfun kọ ohunkóhun sójú pátákó.