Oríkì Ìyá Mi Nínú Fóònù

Ní ẹ̀gbẹ́ títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀, ní Ìkirè, níbi tí àwọn obìnrin ti ń ta dòdò, fóònù kan dún, àwọn mẹ́ta sì jọ ki ọwọ́ bọ àpò. Epo ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó nu ún mọ́ ìró kó tó yẹ fóònù rẹ̀ wò. Kì í ṣe òun ni wọ́n ń pè. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Báwo ni ohùn kan náà ṣe ń pe ènìyàn mẹ́ta, láàrin àwa tí a ń fún ọmọ ní oríkì tirẹ̀ lọ́jọ́ ìkómọ?

Kò kúkú ṣòro láti ṣe ohùn ìpè tó yàtọ̀. Lórí Android, èèyàn á gba ohùn sílẹ̀, á gé e, á wá yàn án fún ẹnì kan ṣoṣo. Ti iPhone ló gba sùúrù: GarageBand, áàpù tí èèyàn lè fi ṣe é, kì í gbà kó ju ìṣẹ́jú-àáyá 30 lọ.

Ti ìyá mi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ ṣe, àmọ́ kò sí orin tó tẹ́ mi lọ́rùn. Ìnáwó kan tí a ṣe ní Àpòmù nígbà tí mo wà ní kékeré ló ń wá sí mi lọ́kàn. Onídùndún kan dúró níwájú ìyá mi. Kò la ẹnu rárá; ó ń fún ọṣán ìlù lábẹ́ abíyá, ó ń fi kọ̀ǹgọ́ lù ú. Ìyá mi gbé àwo oúnjẹ sílẹ̀, ó dìde. Nínú ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ nìkan, ó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, ti bàbá rẹ̀ àti ti agbo ilé wọn.

Fóònù àtijọ́ pàápàá ì bá ti gbìyànjú irú rẹ̀: Nokia 3310 tó jáde lọ́dún 2000 ní ibi tí èèyàn ti lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ohùn ìpè. Ohùn ẹyọ kan ló lè gbé jáde lẹ́ẹ̀kan. Kò lè fa ohùn bí dùndún ti ń fà á, àmọ́ dò, re, mí wà níbẹ̀, oríkì sì ti rí ibi gbà. Ó dùn mí pé a ò lò ó bẹ́ẹ̀.

Mo bẹ onílù kan ní Ìkirè, ó lu oríkì ìyá mi, mo gbà á sílẹ̀, mo sì gé e kó lè wọ inú fóònù. Nígbà tí ìyá mi pè, orí mi wú. Ìgbà yẹn ni mo tó rò ó pé tirẹ̀ kò wú. Ẹni tó ń pe èèyàn kì í gbọ́ bí fóònù onítọ̀hún ṣe ń ké. Caller tune tí àwọn ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ń tà fún wa tún wá yí i po: ẹni tó pè ló ń gbọ́ orin tàbí wáàsí, ẹni tó sanwó rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan. Onílù Àpòmù ń wo ojú ìyá mi bó ṣe ń kì í. Bó ṣe rí i pé ó dìde ló túbọ̀ wọ inú ìtàn ilé wọn lọ. Èmi wá gbé oríkì rẹ̀ sínú àpò, mo ń dá gbọ́ ọ.

Mo fi í ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Kò pẹ́ tó fi pè. Ó ní onílù náà mọ iṣẹ́, àmọ́ bàbá òun ńkọ́? Mo ní ibi tí mo gé kúrò ni wọ́n ti kì wọ́n. Ó ní kí n fi odidi rẹ̀ ránṣẹ́ kíá.