Iṣẹ́ Gíráfíìkì àti Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Ọkàn Rẹ̀ Kì í Dúró Sójú Kan

Àwa tí à ń fi iṣẹ́ gíráfíìkì jẹun ní Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun mọ irú akẹ́kọ̀ọ́ kan dáadáa. Orí rẹ̀ pé, ojú rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ tí kò parí kò níye. Ó lè jókòó ti kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ nítorí pósítà kan ṣoṣo. Kí oòrùn tó kàtàrí, ó ti pààrọ̀ lẹ́tà rẹ̀ títí, ó ti bá nǹkan mìíràn lọ lórí fóònù, ó sì ti gbàgbé ọjọ́ tí oníṣẹ́ fẹ́ gbà á. Olùkọ́ ń pè é ní ọ̀lẹ, ilé ń pè é ní aláìgbọràn, àwọn mìíràn sì gbà pé ọwọ́ ayé ló wà ńbẹ̀. ADHD ni àwọn dókítà ń pe ohun tó ń ṣe é. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ ni pé bí wọ́n ṣe to iṣẹ́ yìí ní agbègbè wa tẹ́lẹ̀ gba irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ láyè, àwa la sì yọ ohun tó ń gbé e ró kúrò nígbà tí a sọ iṣẹ́ di ti ẹnì kan àti kọ̀ǹpútà kan. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ẹgbẹ́ aláàánú, tí ọ̀pọ̀ òbí kà sí àfikún wàhálà, wà lára ọ̀nà díẹ̀ tó kù tí a lè gbà dá a padà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní àrùn òyìnbó ni, tàbí pé fóònù ló dá a sílẹ̀. Kí fóònù tó wà lápò ẹnikẹ́ni, ní 1902, George Still, dókítà àwọn ọmọdé ní Lọ́ńdọ̀nù, ti ṣàlàyé níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé àwọn ọmọ kan wà tí ọpọlọ wọn pé ṣùgbọ́n tí wọn kò lè kó ara wọn níjàánu. Ní 1937, ní Amẹ́ríkà, Charles Bradley rí i pé oògùn kan tó yẹ kó ta ara jí ló tún mú kí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ fara balẹ̀ sídìí ìwé wọn. Ní 1987 ni orúkọ tí a ń lò lónìí dé. Nílé wa níbí náà, Adéwùyá àti Fámúyìwá ṣe ìwádìí láàárín àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2007: ó lé ní mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó ní àwọn àmì rẹ̀. Ó máa ń bá ìdílé rìn, ọ̀pọ̀ ló sì ń bá a dàgbà. Ẹni tó ní in kì í ṣe aláìnífẹ̀ẹ́ iṣẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ ló nira fún un, àti mímọ bí àkókò ṣe ń lọ, àti píparí. Tí nǹkan kan bá sì wọ̀ ọ́ lọ́kàn tán, ó lè gbàgbé oúnjẹ sídìí rẹ̀.

Iṣẹ́ wa ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ẹni tó bá ń jiyàn kó wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ẹ̀kọ láfún ni àwọn obìnrin fi ń ya àwòrán sórí aṣọ funfun kí wọ́n tó tì í bọ inú aró, kí ibi tí ẹ̀kọ bò má baà mu aró. Ìyẹ́ adìyẹ ni gègé wọn. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin a máa gé páànù sí àwòrán, wọ́n á gbé e lé aṣọ, wọ́n á sì fi ẹ̀kọ ra orí rẹ̀, èyí tí í ṣe síténsù gan-an tí à ń lò lónìí. Nígbà tí George Karùn-ún, ọba Gẹ̀ẹ́sì, pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lórí ìtẹ́ ní 1935, àwòrán òun àti ìyàwó rẹ̀ bọ́ sórí àdìrẹ, bí a ṣe ń tẹ ojú olóṣèlú sórí bánà nísinsìnyí. Ẹ wá wo aṣọ Ìbàdàndùn dáadáa, èyí tí òpó Gbọ̀ngàn Mápó wà lára rẹ̀. Onígun mẹ́rin kéékèèké ni wọ́n pín in sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àwòrán tirẹ̀: ẹyẹ níhìn-ín, ewé lọ́hùn-ún, òpó Mápó ní òmíràn. Ẹni tó ń yà á kò dojú kọ gbogbo aṣọ lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò parí onígun mẹ́rin kan, yóò fojú ara rẹ̀ rí i pé ó parí, kó tó bọ́ sí èkejì. Ẹ̀kọ inú igbá ń dì, nítorí náà kò sí àyè pé ká máa pààrọ̀ ọkàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, àwọn obìnrin mìíràn sì jókòó tì í tí wọ́n ń ṣe tiwọn. Ìmọ̀ràn tí àwọn dókítà ń gba àgbàlagbà tó ní ADHD kò jìnnà sí èyí: gé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́, jẹ́ kí òpin rẹ̀ sún mọ́ ọ, jẹ́ kí ẹnì kan wà nítòsí rẹ. Kò sí ìyá aláró tó ro ti ADHD nígbà tó ń pín aṣọ rẹ̀. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí ló bí ètò rẹ̀, ètò náà sì gba oríṣiríṣi ọkàn láyè.

Ìlobùú fúnra rẹ̀ wà nínú ìtàn yìí, ó sì ń dùn mí pé àwọn ọmọ ibẹ̀ tó ń kọ́ gíráfíìkì kì í sábà gbọ́. Susanne Wenger, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ igbó Ọ̀ṣun, gbé ní Ẹdẹ, ó gbé ní Ìlobùú, ìlú òrìṣà Erinlẹ̀, kó tó fìdí kalẹ̀ sí Òṣogbo. Kó tó wá sí Nàìjíríà ní 1950 ló ti ń ya àwòrán fún ìwé ìròyìn àwọn ọmọdé ní Vienna. Nígbà tí Ulli Beier, tó jẹ́ ọkọ rẹ̀, àti Janheinz Jahn dá ìwé àtìgbàdégbà tí wọ́n ń pè ní Black Orpheus sílẹ̀ ní 1957, Wenger ló ya èèpo ẹ̀yìn púpọ̀ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ gíráfíìkì pọ́ńbélé ni. Lẹ́yìn náà ni Mbárí Mbáyọ̀, ilé àwọn oníṣẹ́ ọnà, dé, tí Dúró Ládiípọ̀ àti Beier dá sílẹ̀ ní Òṣogbo ní 1962. Denis Williams, ọmọ Guyana, ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ níbẹ̀. Georgina Beier ṣe tirẹ̀ ní 1964. Àwọn tó wá kì í ṣe àṣàyàn ọmọ yunifásítì. Òṣèré ni púpọ̀ wọn nínú ẹgbẹ́ Ládiípọ̀. Ijó ni Twins Seven-Seven ń jó fún àwọn tó ń polówó oògùn nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Láàárín ìgbà díẹ̀ ni Jacob Afọlábí, Rufus Ògúndélé, Mùráínà Oyèlámì àti Jímọ̀h Buraimoh di ẹni tí ayé ń wá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, UNESCO sì sọ Twins Seven-Seven di oníṣẹ́ ọnà àlàáfíà wọn ní 2005. N kò sọ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ní ADHD; a kì í fi àwòrán wo àrùn, kò sì sí ẹ̀rí. Ohun tí mo ń fà yọ ni bí wọ́n ṣe tò ó: àkókò kúkúrú, iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú yàrá kan, olùkọ́ tó ń kọjá láàárín wọn, kí iṣẹ́ òní sì di rírí lónìí. Àwọn tí ilé ìwé kò rí ohun púpọ̀ ṣe fún ló so èso níbẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù àti ara ọkọ̀ náà gba ọ̀nà kan náà. Ọ̀gá wà, ọmọ iṣẹ́ wà, awakọ̀ dúró síta tó ń wo bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn lọ́rì. Ẹ̀ẹ̀kan náà la máa ń fi ọ̀dà kọ lẹ́tà, kò ní bọ́tìnì tí a lè tẹ̀ kó padà sẹ́yìn. Ọmọ iṣẹ́ tí ara rẹ̀ kì í gbélé ń lọ po ọ̀dà, ó ń gun àkàbà, ó ń fọ búrọ́ọ̀ṣì, ara sì ń tù ú. Ní ti kọ̀ǹpútà, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀ nítorí gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: CorelDRAW jáde ní 1989, Photoshop ní 1990, bánà flex dé, ọ̀dà sì kọ́gbá sílé. Iṣẹ́ túbọ̀ mọ́, ó yá, owó tún wọlé. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ òní wà nínú yàrá lóun nìkan, iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n fún un jẹ́ fún ilé iṣẹ́ tí kò sí, oníbàárà rẹ̀ kò sí, ọjọ́ tí yóò fi parí rẹ̀ sì jìnnà ní oṣù méjì. Fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń rìn, kò sí ètò tó le ju èyí lọ.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ àánú ti wọlé. Ẹ jẹ́ ká fi pósítà àyẹ̀wò ojú ọ̀fẹ́ ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tí ẹgbẹ́ kan máa ń ṣe ní ọjọ́ kan ṣoṣo ní gbọ̀ngàn ìlú. Ọjọ́ rẹ̀ kò ṣeé sún. Àwọn tí yóò kà á jẹ́ ẹni tí ojú ń dùn, nítorí náà lẹ́tà rẹ̀ gbọ́dọ̀ tóbi, kó jẹ́ dúdú lórí funfun tàbí lórí ìyeyè, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ Yorùbá. Ẹni tó wà lórí ọ̀kadà ní ọ̀nà Òṣogbo sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní dúró: ohun tí à ń ṣe, ibi tó wà, ọjọ́ àti wákàtí ni yóò rí kó tó kọjá, ìyókù lè kéré. Gbogbo ìbéèrè tí akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò fi ọjọ́ mẹ́ta yí po lórí iṣẹ́ ilé ìwé ni iṣẹ́ yìí ti dáhùn fún un. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ń pè é láàárọ̀ pé ìtẹ̀wé ń dúró. Lọ́jọ́ náà, ó lè lọ síbẹ̀, kó rí ìyá àgbà tó tọ́ka sí pósítà náà pé ìyẹn ló mú òun wá. Ọkàn tí kò lè di èrè tó wà ní oṣù mẹ́ta sí iwájú mú máa ń di irú èyí mú. Iṣẹ́ sì pọ̀ nílẹ̀ fún un lágbègbè wa: abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ̀jẹ̀ ríru, owó ilé ìwé àwọn ọmọ aláìníbaba. Ìjà ààlà tó ti ba ilé àti ẹ̀mí jẹ́ láàárín Ìlobùú, Ìfọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun pẹ̀lú ń fẹ́ ẹni tó lè fi àwòrán bá ọ̀dọ́ ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìgbè sẹ́yìn ẹnì kan.

Wọ́n á ní ìrẹ́jẹ ni mo ń gbé lárugẹ, pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ebi ń pa ni mo fẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ̀rù yẹn tọ́. Ẹni tó ní ADHD tún máa ń yára sọ pé “màá ṣe é” kó tó ro ohun tó wà lọ́rùn rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ mìíràn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn a fi orúkọ Ọlọ́run gba iṣẹ́ mẹ́wàá lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé kó jẹ́ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan, ẹnì kan tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀, ọjọ́ tí a kọ sílẹ̀, kí ẹgbẹ́ náà sì san owó ìtẹ̀wé àti owó ọkọ̀. Ohun tí kò bá ní ààlà báyìí, kó má gbà á. Àwọn kan á tún sọ pé àwọn ọ̀gá àtijọ́ kò ní sùúrù tí mo ń ròyìn, pé ẹgba ni wọ́n ń lò, ọmọ iṣẹ́ tí kò lè fara dà á sì sá lọ tí a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ mọ́. Òótọ́ ni. Ètò iṣẹ́ ni mo ní ká mú padà, ká fi ẹgba sílẹ̀ síbi tó wà.

Èyí tó wù mí láti dáhùn jù ni ti àwọn tó ń sọ pé ẹ̀bùn ni ADHD, pé òun ló ń mú oníṣẹ́ ọnà pégedé. Ní 2006, Holly White àti Priti Shah ní Amẹ́ríkà fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó ní in wé àwọn tí kò ní. Níbi tí wọ́n ti ní kí wọ́n ro onírúurú ìlò fún ohun kan, àwọn tó ní in ló ta yọ; níbi tí wọ́n ti ní kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó so ọ̀rọ̀ mẹ́ta pọ̀, àwọn ló gbẹ́yìn. Èrò púpọ̀ ni ìdajì iṣẹ́ wa, ṣùgbọ́n oníbàárà kò ra èrò, pósítà tó parí ló ń rà. Ẹni tí a bá ń pọ́n lé nítorí ìdajì àkọ́kọ́ nìkan yóò kábàámọ̀ nídìí ìdajì kejì. Iṣẹ́ àánú kò sì lè rọ́pò dókítà. Oògùn wà, ìmọ̀ràn wà, ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ sì wà nílé ìwòsàn OAUTHC ní Ifẹ̀, tí kò jìnnà sí wa. Òbí tó bá ń gbé ọmọ rẹ̀ kiri ilé àdúrà kó gbé e dé ibẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀yin olùkọ́ gíráfíìkì, láti 1973 ni Industrial Training Fund ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde fún SIWES, ìyẹn ètò kíkọ́ iṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí oṣù mélòó kan lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ aláàánú tó ní ìwé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ máa wọ inú rẹ̀, kí ẹ sì fún un ní máàkì bí ẹ ṣe ń fún ẹni tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ ní Ìlobùú àti Ìfọ́n, tí ẹ bá fẹ́ pósítà, ẹ wá akẹ́kọ̀ọ́ kan, ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbà á, kí ẹ sì pè é lágogo mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì láti béèrè ibi tó bá a dé.