Òṣì Kì Í Ṣe Ègún: Ọ̀rọ̀ Baba Tó Kú Láì Fi Nǹkan Kan Sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Bí ẹ bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́jú ẹ̀ di ìgbà tí ọwọ́ yín bá dilẹ̀. Ẹ má kàn kọ "Àmín" kí ẹ sì kọjá lọ.

A ní àṣìṣe kan tí a fẹ́ jẹ́wọ́.

Níbi ìṣọ́ òru kan tí a ṣe, ìdè ìdílé la wàásù lé lórí. Ìdílé Kennedy ti Amẹ́ríkà la sì fi ṣe àpẹẹrẹ. A ní: "Baba ńlá wọn tó ti Ireland wá, ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 1858 ló kú. Ọmọ ọmọ ọmọ rẹ̀, Ààrẹ John Kennedy, ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 1963 ni wọ́n yìnbọn pa á. Ọdún 105 ló wà láàárín wọn, ọjọ́ kan náà ni! Ẹ̀yin ará, kí lẹ máa pe ìyẹn?" Gbogbo ilé pariwo pé, "Ègún!" Ibẹ̀ gbóná gan-an lóru ọjọ́ náà. A wá ní kí gbogbo ẹni tí baba ẹ̀ kú sínú òṣì dìde dúró, kó sì kọ ogún baba ẹ̀ sílẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ wá bá wa ní ọ́fíìsì. Opó ni. Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin wà níbi ìṣọ́ òru yẹn. Nígbà tó délé, ó já fọ́tò baba ẹ̀ kúrò lára ògiri, ó sì ní òun ò bá wọn dé ibi ìrántí baba náà mọ́ láé. Iṣẹ́ bíríkìlà ni baba yẹn ṣe títí tó fi kú. Ó kọ́lé fún ọ̀pọ̀ èèyàn, kò rí ti ara ẹ̀ kọ́. Màmá yìí ò pariwo, kò sì bú wa. Ó kàn ní: "Pásítọ̀, lóòótọ́ ni pé ọkọ mi ò ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọkọ mi kì í ṣe ègún. Lọ́jọ́ tó kú, owó ìdánwò ọmọ yìí ló wà lápò ẹ̀."

Àwa àti Màmá ìjọ wo ara wa lójú, a ò lè fèsì. Alẹ́ ọjọ́ yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ka ìtàn ìdílé Kennedy dáadáa. Ohun tó yẹ ká ti ṣe ká tó gbé e dé orí pẹpẹ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí a rí fún yín.

Patrick Kennedy lorúkọ baba náà. Abúlé Dunganstown ló ti wá, ní agbègbè Wexford, nítòsí ìlú New Ross tó wà létí odò. Oko tí àwọn òbí ẹ̀ ń dá kì í ṣe tiwọn, owó ni wọ́n ń san fún onílẹ̀. Ó sì ní ẹ̀gbọ́n tó máa gba oko náà. Ní 1845, àrùn kan wọ inú pòtétò, ìyẹn ànàmọ́ àwọn òyìnbó, ó sì ń rà mọ́ inú ilẹ̀. Ohun tí tálákà ilẹ̀ náà ń jẹ láàárọ̀, tí wọ́n ń jẹ lálẹ́ nìyẹn. Láàárín ọdún yẹn sí 1852, nǹkan bíi mílíọ̀nù kan èèyàn ni ebi àti àìsàn pa, àwọn tó sì sá kúrò nílùú ju mílíọ̀nù kan lọ. Ohun tó dùn wá jù níbẹ̀ ni pé oúnjẹ mìíràn wà. Ọkọ̀ ojú omi ṣì ń kó ọkà àti ẹran jáde láti Ireland lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí àwọn èèyàn ń kú. Ẹni tó ń roko kọ́ ló ni ilẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ọ̀lẹ ló ń tòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ibẹ̀ yẹn kà.

Àárín ìyàn yìí ni Patrick wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Boston. Lára àwọn ọkọ̀ ìgbà náà burú débi pé wọ́n ń pè wọ́n ní ọkọ̀ pósí, torí bí èèyàn ṣe ń kú nínú wọn lójú agbami. Òun gúnlẹ̀ láàyè, ó sì fìdí kalẹ̀ sí East Boston. Pákó ló fi ń ṣe àgbá, irú èyí tí wọ́n ń rọ ọtí sí. Ní 1849, ó fẹ́ Bridget Murphy, ọmọ Wexford bíi tiẹ̀.

Ẹ má rò pé wọ́n tẹ́wọ́ gbà wọ́n o. Àwọn ìpolówó iṣẹ́ kan máa ń sọ ọ́ kedere pé kí ọmọ Ireland má wulẹ̀ yọjú. Ní 1854, ẹgbẹ́ òṣèlú kan tó kórìíra àwọn àjèjì àti ìjọ Kátólíìkì ló wọlé ìbò ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun mọ ohun tí à ń sọ.

Bridget bí ọmọ márùn-ún. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin kú ní kékeré. Ìgbà tó fi máa di ìparí ọdún 1858, àìsàn mú Patrick fúnra ẹ̀ lọ. Kò tíì pé ogójì ọdún. Àbíkẹ́yìn ẹ̀, tí wọ́n sọ lórúkọ baba ẹ̀, ò ju ọmọ oṣù mẹ́wàá lọ. Kò fọrọ̀ sílẹ̀. Ká ní àdúgbò wa ló kú sí ni, ẹ mọ ohun tí àwọn èèyàn máa sọ nídìí òkú ẹ̀. Wọ́n á ní, "Ó mà ṣe o, kò rí nǹkan kan ṣe láyé."

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní iná kú, ó feérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fọmọ ẹ̀ rọ́pò.

Opó ni Bridget, ọmọ mẹ́rin sì wà lọ́rùn ẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ nílé onílé. Nígbà tó yá, ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní East Boston, ó ń ta oúnjẹ àti nǹkan pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tí àwọn aládùúgbò ń lò. Owó ṣọ́ọ̀bù yẹn ni wọ́n fi jẹun. Ọmọ oṣù mẹ́wàá yẹn dàgbà, ó lọ ń ru ẹrù ní èbúté, ó tọ́jú owó, ó sì ra ilé ọtí. (Ẹ má bínú, ilé ọtí náà ni. A ò ní tìtorí pé a jẹ́ pásítọ̀ ká wá yí ìtàn padà.) Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún tó fi wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Massachusetts. Ìpínlẹ̀ tí wọn ò ti fẹ́ rí baba ẹ̀ sójú ni o! Ní 1888, ó bí Joseph. Ọdún yẹn náà ni Bridget kú, lẹ́yìn ìgbà tó ti rí ọmọ ọmọ ẹ̀. Joseph yìí lọ sí Yunifásítì Harvard, ó sì di aṣojú Amẹ́ríkà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1938, ìyẹn ìjọba tó ń ṣàkóso Ireland nígbà tí ebi lé baba ńlá ẹ̀ kúrò nílé. Ní 1961, John, ọmọ Joseph, di Ààrẹ Amẹ́ríkà. Òun ni Kátólíìkì àkọ́kọ́ tó dé ipò náà.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó bá wa wí jù. Ní oṣù kẹfà ọdún 1963, Ààrẹ John Kennedy lọ sí Ireland. Ó dúró ní New Ross, ó sì sọ fún àwọn èèyàn pé nígbà tí baba ńlá òun kúrò níbẹ̀, kò mú nǹkan kan dání ju ìgbàgbọ́ tó lágbára àti ìfẹ́ òmìnira lọ. Ó dé oko Dunganstown, ó bá àwọn ìbátan ẹ̀ mu tíì. Ó pe òṣì baba ńlá ẹ̀ lórúkọ níwájú gbogbo ayé, ojú ò tì í. Oṣù márùn-ún ò tíì pé lẹ́yìn ìyẹn tí wọ́n fi pa á. Ohun tí ọmọ náà fi ń yangàn ni àwa ní kí àwọn ọmọ yín kọ̀ sílẹ̀ lóru.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ 22 ńkọ́? Òótọ́ ni pé ọjọ́ náà bára mu. Ṣùgbọ́n ọmọ oṣù mẹ́wàá yẹn, oṣù karùn-ún ọdún 1929 ló tó kú, ní ẹni àádọ́rin ọdún ó lé. Joseph kékeré, ẹ̀gbọ́n Ààrẹ, oṣù kẹjọ ọdún 1944 ló kú sógun. Robert àbúrò ẹ̀, oṣù kẹfà ọdún 1968 ni wọ́n pa á. A ò mẹ́nu kan ọ̀kankan nínú wọn lóru yẹn. Ọjọ́ tó bá ìwàásù wa mu la mú, a fi ìyókù sílẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìṣípayá, ẹ̀yin ará. Ọgbọ́n orí ni. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, a sì tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ yín.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́ o. A ò sọ pé kò sí ìdè. A gbàgbọ́ nínú ìtúsílẹ̀, a ó sì máa gbàdúrà ẹ̀. Ìwà burúkú tí ìdílé ń gbé lé ara wọn lọ́wọ́, ìyẹn la gbọ́dọ̀ kọ̀. Ṣùgbọ́n òṣì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ lọ ka Ìsíkíẹ́lì orí 18, kí ẹ rí ohun tí Ọlọ́run sọ fún àwọn tó ń di ẹ̀bi ọ̀rọ̀ ara wọn ru baba wọn. Ẹ ka Jòhánù orí 9, kí ẹ wo bí Jésù ṣe dá àwọn tó ń wá ẹlẹ́ṣẹ̀ nínú ìdílé afọ́jú lóhùn. Ábúráhámù alára, tí Ọlọ́run ṣèlérí odindi ilẹ̀ fún, ilẹ̀ ìsìnkú tó fowó rà ló ní níbẹ̀ títí tó fi kú. Ṣé ẹni ègún ni?

Ní Sọ́ńdè tó kọjá, a dúró níwájú ìjọ, a sọ gbogbo èyí. Ọmọ bíríkìlà yẹn wá, ọwọ́ ẹ̀yìn ló jókòó sí. Kò tíì bá wa sọ̀rọ̀ púpọ̀, a ò sì fipá mú un. Àwa la dá ọgbẹ́ náà sí i lára, kò tọ́ ká tún máa kánjú sí i. Ṣùgbọ́n ìyá ẹ̀ sọ fún Màmá ìjọ pé fọ́tò ti padà sára ògiri.

Ẹ jọ̀ọ́, lọ́sẹ̀ yìí, kí kálukú pe àgbà kan nínú ìdílé ẹ̀. Ẹ bi í pé: iṣẹ́ wo ni baba ńlá wa ṣe? Kí lojú ẹ̀ rí? Ta ló bá a tọ́ àwọn ọmọ nígbà tí kò sí mọ́? Bí opó bá wà nínú ìdáhùn yẹn, tó sì ṣì wà láàyè, ẹ má fọ̀rọ̀ ẹnu nìkan dúpẹ́, ẹ fi nǹkan ránṣẹ́ sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ òru nílẹ̀ òkèèrè, tó dà bíi pé nǹkan kan ò tíì jọ, ẹ má pe ara yín ní ẹni òfò. Ẹ tọ́jú ara yín, ẹ sùn, ẹ jẹun, ẹ gba ọsíbítù lọ bí ara ò bá dá. Ẹ lè máà jẹ́ ẹni tó máa rí ìparí ẹ̀. Ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ ọkọ̀.

Baba, a dúpẹ́ fún àwọn baba wa tó kú láìnílé. A dúpẹ́ fún àwọn ìyá tó gba ẹrù náà rù. Má jẹ́ kí àwa tí à ń wàásù ba orúkọ olóòótọ́ jẹ́ mọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ rẹ ò ní já sásán, ní orúkọ Jésù.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe Àmín, ẹ fi orúkọ baba tàbí ìyá àgbà yín kan àti iṣẹ́ tó ṣe sí i. A fẹ́ kà wọ́n.