Ọmọ Tí Ń Tòògbé Nídìí Wàláà

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin ará jámáà, ó ti pẹ́ tí a ti ń kọ́ ọmọ ní kéwú ní ilẹ̀ Ìgbómìnà yìí, láti Òmù-Àrán dé àgbègbè Èsìẹ́. Ohun tí a sì máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn òbí ni pé ọmọ àwọn kò ní ọpọlọ. Òmíràn á ti fún ọmọ ní hàntú mu títí, òmíràn á ti wá ìsọ̀yè kiri. Ìwọ̀nba ni ó ń sọ fún wa bí ọmọ náà ti ń sùn.

Ọmọ kan wà lọ́dọ̀ wa tí ó jẹ́ pé bí a bá ti ka ẹsẹ mẹ́ta, orí rẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan wàláà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́ ní Olóorun. Nígbà tí a bi ìyá rẹ̀ léèrè, ó ní híhanrun ọmọ náà máa ń gba ilé kan bí ti àgbàlagbà, á sì dákẹ́ lójijì, ó di ìgbà díẹ̀ kí ó tó mí kanlẹ̀, kí ó tún bẹ̀rẹ̀. Àṣé ẹni tí wọ́n rò pé ó ń sun àsùnwọra kò sùn rárá.

Ẹran méjì wà lọ́tùn-ún lósì ọ̀nà ọ̀fun tí àwọn dókítà ń pè ní tonsil. Òmíràn, adenoid, wà lókè lẹ́yìn imú. Láàárín ọdún 2 sí 8 ni wọ́n máa ń gba àyè jù lọ́fun ọmọ, ìgbà náà gan-an ni a sì ń mú un wọ ilé-kéwú. Bí ó bá ti sùn, iṣan ọ̀fun á dẹ̀, ọ̀nà tí ó ti há tẹ́lẹ̀ á pàdé. Ọpọlọ á ta á jí díẹ̀ kí ó lè mí, kò sì ní rántí pé òun jí. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lóru, báwo ni ohun tí ó kọ́ lánàá yóò ṣe dúró? Gbogbo wọn kọ́ ni ó ń tòògbé o. Òmíràn kò ní lè jókòó jẹ́ẹ́, a ó sì máa pè é ní aláìgbọràn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1889 ni William Hill, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ti kọ̀wé pé dídí ọ̀nà imú àti ọ̀fun wà lára ohun tí ń sọ ọmọ di òpè. Ní 1998, David Gozal ní Amẹ́ríkà gbé àyẹ̀wò rẹ̀ jáde lórí ọmọ 297 tí ó wà nídìí kíláàsì. 54 nínú wọn ni mímí wọn kò já gaara lójú oorun. Àwọn 24 tí òbí wọn gbà kí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún, máàkì wọn gòkè lọ́dún kejì. Ti àwọn tí òbí wọn kọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé a ní ọ̀bẹ ní ń múni mọ̀wé o. Àyẹ̀wò mìíràn ní 2013, lára ọmọ 464, fi hàn pé iṣẹ́ abẹ tún oorun àti ìwà ṣe, ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù 7, ìdánwò ìfọkànsí kò fi ìyàtọ̀ gidi hàn.

Bàbá ọmọ tiwa ṣì ń kówó jọ. Àárọ̀ la fi kíkà tirẹ̀ sí, kí ó tó rẹ̀ ẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ oníkọlà pé kí ó gé bélúbèlú. Ẹran kékeré tí wọ́n ń gé yẹn kọ́ ni ó dí ọ̀nà, ẹ̀jẹ̀ ọmọ sì lè dà kọjá agbára. Ẹ jókòó tì í lóru kan lẹ́yìn Ìṣáì, kí ẹ tẹ́tí. Bí ó bá ń hanrun lójoojúmọ́, tí ó ń la ẹnu sùn, tí èémí rẹ̀ ń dáwọ́ dúró, ẹ sọ fún dókítà. Àwọn tí ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀fun wà ní ilé-ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìlọrin. Ẹ sọ fún áfáà rẹ̀ náà, kí ó tó na pàṣán sí i.