Èèyàn Mélòó Ló Ń Gbé Olódì-Àpápá?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí Àpápá parí sí àti ibi tí Ajégúnlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ wá pátákó kiri. Ẹ lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Boundary, kí ẹ sì wo ọ̀nà. Ní ìhà Àpápá, títì gbòòrò, ilé jìnnà sí ilé, tírélà tó ń lọ sí èbúté ló sì máa ń wà lójú ọ̀nà. Ẹ gbé ẹsẹ̀ díẹ̀ síhà kejì, ilé ti fara ti ilé, ṣọ́ọ̀bù ti fara ti ṣọ́ọ̀bù, èjìká yín ni yóò sì máa la ọ̀nà fún yín láàárín èrò. Òfin pàápàá mọ ààlà náà. Nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà lóṣù kẹfà ọdún 2022, Àpápá wà lára wọn, ṣùgbọ́n Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn kò sí níbẹ̀.

Abẹ́ Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn yìí ni Olódì-Àpápá wà, òun pẹ̀lú Ajégúnlẹ̀ àti Amùkòkò. Orúkọ Àpápá tí wọ́n so mọ́ Olódì máa ń tan àlejò jẹ. Gbogbo ilẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ náà kò ju nǹkan bíi kìlómítà onígun mẹ́rin 12 lọ. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá le lè là á já kí oòrùn tó kan àtàrí. Nínú ìkànìyàn oṣù kẹta ọdún 2006, Àjọ Ètò Ìkànìyàn ní ènìyàn 684,105 ló ń gbé orí rẹ̀. Ìyẹn ju 55,000 lọ lórí kìlómítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí n fi ibòmíràn wé e. Chukotka wà ní ìpẹ̀kun ìlà-oòrùn Rọ́ṣíà, níbi tí ó ti kọjú sí Alaska. Ilẹ̀ rẹ̀ lé ní kìlómítà onígun mẹ́rin 700,000, ó ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ilẹ̀ Nàìjíríà lọ. Iye ènìyàn tí wọ́n kà níbẹ̀ lọ́dún 2010 kò ju nǹkan bí 50,500 lọ. Bí wọ́n bá pín ilẹ̀ náà lọ́gbọọgba, ilẹ̀ tó tó gbogbo Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn, tó tilẹ̀ jù ú lọ díẹ̀, ni yóò kan ẹnì kan ṣoṣo. Òtútù ni kò jẹ́ kí èrò pọ̀ lọ́hùn-ún. Lọ́dọ̀ tiwa, iṣẹ́ èbúté ló pe èrò jọ.

Ọdún 1926 ni èbúté Àpápá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tin Can tẹ̀lé e lọ́dún 1977. Ọkọ̀ tó bá gúnlẹ̀ nílò ẹni tí yóò já ẹrù, ẹni tí yóò ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí, àti ẹni tí yóò se oúnjẹ fún gbogbo wọn. Owó iṣẹ́ wọn kò lè gba ilé ní Àpápá, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì fẹ́ ibi tí wọn yóò ti máa fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. Ìlàjẹ wá, Ìjọ̀ wá, Ìgbò, Úróbò, Ègùn àti Haúsá wá. Nínú ilé wa nìkan, mo ti gbọ́ èdè márùn-ún kí n tó mọ ìwé kà. Pijin ni a sì fi ń bá ara wa jà. Àwọn ènìyàn máa ń yangàn pé pápá Maracana ni Odion Ighalo ti gbá bọ́ọ̀lù kí ó tó dé Manchester United lọ́dún 2020. Èmi a máa rò ó pé bóyá àìsí pápá púpọ̀ ló jẹ́ kí gbogbo ọmọ pàdé síbẹ̀.

Ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ kò ga. Irà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Yanrìn àti ààtàn ni àwọn onílé fi dí i. Bí òjò oṣù kẹfà bá dé, omi kì í rí ibi lọ. Bí wọ́n bá tún títì ṣe, wọn a gbé e ga ju ilé lọ, onílé a sì bu yẹ̀pẹ̀ sí yàrá kí omi má baà wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a bu yẹ̀pẹ̀ sí yàrá tiwa. Fèrèsé tó ga dé àyà bàbá mi nígbà tí wọ́n gba ilé náà wá di ohun tí ó ń fi orúnkún kàn, ó sì ní láti tẹ orí ba kí ó tó lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Kànga wà lẹ́yìnkùlé, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ níyọ̀ nínú. Mẹ́ruwà ni à ń dúró dè.

Mo rántí ìkànìyàn 2006 yẹn dáadáa. Ilé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ ni tiwa, yàrá méjìlá. Nígbà tí akànìyàn dé, títì pa ni yàrá mẹ́ta wà, nítorí àwọn tó ń gbé wọn ti lọ sí ìlú wọn kí wọ́n lè kà wọ́n mọ́ ara ilé. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru ní wáàfù ń sùn, kò ṣílẹ̀kùn. Ìyá Alákàrà, tó bí mẹ́fà, ní kí wọ́n kọ méjì sílẹ̀. “A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ,” ó wí, ó sì padà sídìí agbada rẹ̀. Màmá mi nìkan ló ka tirẹ̀ pé. Ó tilẹ̀ fẹ́ ka oyún inú rẹ̀ mọ́ ọn, akànìyàn ló ní kò ṣeé ṣe.

Lọ́dún kan náà, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ìkà tirẹ̀. Wọ́n ní 1,435,295 ni àwọn ará Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn, ó ju ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́ lọ. N kò gba èyíkéyìí gbọ́ tán. Iye ènìyàn wà lára ohun tí wọ́n fi ń pín owó àpapọ̀, kò sì sí ẹni tó ń kà tí kò ní ire tirẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ilé wa, mo mọ àwọn tó ń sùn níbẹ̀ tí orúkọ wọn kò wọ ìwé. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye méjèèjì ju 750,000 lọ. Bí àwọn ènìyàn wọ̀nyí bá wà lóòótọ́, ìjókòó ilé-ìwé, ibùsùn ilé ìwòsàn àti gọ́tà tí wọn kò ṣe fún wọn ni àwa yòókù ń bá wọn pín.

Wọ́n ṣètò ìkànìyàn mìíràn fún ọdún 2023, wọ́n sì sún un síwájú. Àbúrò mi tó wà nínú oyún nígbà náà ti tó ìbò dì báyìí. Wọn kò tíì kà á rí.

Mo yà nílé náà láìpẹ́ yìí. Ìyá Alákàrà ṣì wà níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo bi í pé, “Ìyá, ẹ̀yin mélòó lẹ kù nínú ilé?” Ó wo ojú mi títí, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ìjọba ló rán ẹ, àbí?”

Ó di àkàrà mẹ́rin sínú ìwé fún mi, ó sì fi ẹyọ kan ṣe ènì.