Ọjọ́ Kan Nínú Igbó Àwọn Ọ̀bọ

Ní ìdájí ni àwa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa gbéra ní Ifangni. A gba Àjàṣẹ́ àti Kùtọnu kọjá kí a tó dé Drabo Gbo, ní agbègbè Abomey-Calavi. Oko tí a ti fi sílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 1995 ni Peter Neuenschwander, onímọ̀ kòkòrò ọmọ ilẹ̀ Suisse, ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ di igbó padà, tó ń so ó mọ́ àwọn igbó kéékèèké tó ṣẹ́ kù.

Níbẹ̀ ni a ti rí ọ̀bọ onikùn-pupa tí a gbà kúrò nínú ìgbèkùn. Ẹ̀yà yìí kò sí níbòmíràn àfi Benin, Tógò àti Nàìjíríà.

Ọmọ kan bi wá pé: “Olùkọ́ wa, kí ló dé tí wọn kò kàn tú wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbà wọ́n?”

A ní: “Ibo ni wọn ì bá lọ?”

Gbogbo wọn dákẹ́. Ẹni tó tú ọ̀bọ sílẹ̀ níbi tí kò sí igbó, ọlọ́dẹ mìíràn ló fi í fún.

Bí a ti ń padà bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu wọn: ta ló ni ilẹ̀ tó ṣófo lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ wa?